Eré Ọ̀nà Jíjìn àti Adé Tí Kì í Ṣá

Ọ̀rọ̀ àṣàrò fún ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ ka Ìwé Kìíní Pọ́ọ̀lù Mímọ́ sí àwọn ará Kọ́ríńtì, orí 9, ẹsẹ 24 títí dé 27.



Ìjàkadì ni orò Ọ̀fà. Kò sí ọmọ bíbí ìlú yìí tí kò mọ oríkì náà, kò sì sí àlejò tí ó bá wa gbé pẹ́ tí kò ní gbọ́ ọ. Ìjàkadì ní ẹwà tirẹ̀. Ẹni méjì wọ inú agbo, ìlù ń dún, ojú gbogbo ènìyàn wà lára wọn. Kò pẹ́, kò jìnnà, ẹ̀yìn ẹnì kan ti kan ilẹ̀, a sì ti gbé ẹnì kejì sókè. Ṣùgbọ́n eré mìíràn wà tí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, èyí ni eré ọ̀nà jíjìn. Eré yìí kò ní agbo, kò ní ìlù, wákàtí tí a fi ń sá a sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òǹwòran lè lọ sí ilé lọ jẹun, kí ó sì padà wá bá a lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan nínú ìjọ wa ń múra fún irú eré bẹ́ẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ayé wọn, a sì ń rí wọn ní ìdájí lójú ọ̀nà Ìjàgbo, nínú ọyẹ́, kí oòrùn tó yọ.

Àwọn baba wa a máa wí pé àgbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán: bí kò bá lé ejò, ejò ni ó ń lé e. Nítorí náà kò yà mí lẹ́nu pé àwọn kan tí ń lọ sí oko ń bi àwọn ọmọ wọ̀nyí léèrè pé, "Kí ni ń lé yín?" Ìbéèrè náà dára, ó sì yẹ kí onígbàgbọ́ kọ̀ọ̀kan fi bi ara rẹ̀ pẹ̀lú. Kí ni ń lé wa? Tàbí kí ni àwa ń lé? Pọ́ọ̀lù Mímọ́ ti dáhùn fún wa. Adé kan wà níwájú tí à ń lé, ó sì wí pé kí a sáré ní ọ̀nà tí ọwọ́ wa yóò fi bà á.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ àwọn tí ó ń bá sọ̀rọ̀. Ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí 18, sọ fún wa pé ọdún kan àti oṣù mẹ́fà ni Pọ́ọ̀lù fi gbé ní Kọ́ríńtì, tí ó ń rán àgọ́ kí ó lè jẹun, tí ó sì ń wàásù. Nítòsí ìlú náà ni àwọn ará Gíríìkì ti ń ṣe eré ńlá kan, tí à ń pè ní eré Isthmia, ní ọdún méjì-méjì. Ẹni tí ó bá borí níbẹ̀, adé ewé igi páìnì ni a ó fi dé e lórí. Ewé lásán ni, kì í pẹ́ kí ó tó gbẹ. Síbẹ̀ ẹ wo ohun tí àwọn ènìyàn ń ṣe nítorí irú ewé bẹ́ẹ̀! Ẹni tí ó bá fẹ́ díje nínú eré Òlíḿpíkì ní ayé àtijọ́ ní láti búra níwájú àwọn onídàájọ́ pé òun ti fi oṣù 10 gbáko kọ́ ara òun. Pọ́ọ̀lù rí àwọn wọ̀nyí, ó rí bí wọ́n ti ń fi oúnjẹ dídùn àti ìgbádùn du ara wọn, ó sì bi àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ léèrè bí ó bá tọ́ kí ẹni tí ń lé ewé gbígbẹ máa ṣe làálàá ju ẹni tí ń lé adé tí kì í ṣá lọ.

Ìjọ Mímọ́ mọ iyì ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti gbọ́ Mísà ní èdè Látìn yóò rántí pé kí a tó tún kàlẹ́ńdà Ìjọ tò ní ọdún 1969, Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta ni ó máa ń ṣáájú Lẹ́ńtì, tí àlùfáà ti ń wọ aṣọ àlùkò. Ní àkọ́kọ́ nínú wọn, tí à ń pè ní Septuagesima, ẹ̀kọ́ Pọ́ọ̀lù nípa eré sísá yìí gan-an ni a máa ń kà. Ìjọ ò dúró di Ọjọ́rú Eléérú kí ó tó sọ fún wa pé eré ń bọ̀. Ó fẹ́ kí a ti máa di àmùrè. Kàlẹ́ńdà ti yí padà, ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà kò yí padà. Bí mo sì ti ń wo àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń kọ́ ẹsẹ̀ wọn, mo rí i pé ẹ̀kọ́ Pọ́ọ̀lù ń rìn lójú títì wa.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 2016 ni eré Marathon ìlú Èkó ti ìgbà tiwa yìí bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ojú àwọn ọmọ wa wà. Ọ̀nà Marathon gùn tó kìlómítà 42 àti mítà 195, èyí tí í ṣe máìlì 26 lé díẹ̀. Bí ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀ irú eré bẹ́ẹ̀ láti ìdíkọ̀ ojú irin Ọ̀fà, tí ó sì kọjú sí Ìlọrin, yóò kọjá Ìjàgbo, yóò kọjá Àjàṣẹ́-Ìpo, síbẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní tíì sinmi. Kò sí ẹni tí ó lè dìde lórí ibùsùn rẹ̀ kí ó lọ sá irú eré bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kan. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ sí ilé lónìí kò ju èyí lọ: ọjọ́ eré kọ́ ni a ń borí eré. Àwọn òwúrọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí ni a ti ń borí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni wákàtí ikú kì í ṣe wákàtí tí a ń bẹ̀rẹ̀ sí í mọ Ọlọ́run.

Ẹ̀kọ́ kìíní ni pé kí a bẹ̀rẹ̀ níwọ̀n. Ẹni tí ó mọ̀ nípa eré yìí yóò sọ fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pé kí ó sáré díẹ̀, kí ó rìn díẹ̀, kí ó sì fi ìwọ̀nba kún un ní ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ọkàn inú àyà àti ẹran ara tètè máa ń le, ṣùgbọ́n eegun àti okùn iṣan tí ó so wọ́n pọ̀ kì í tètè le bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá sáré bí ẹtu ní ọ̀sẹ̀ kìíní, tí mímí rẹ̀ sì já gaara, lè rò pé òun ti di akọni. Nígbà tí yóò bá fi di ọ̀sẹ̀ kẹrin, orúnkún rẹ̀ ti wú, ó ń fi omi gbígbóná jó o. Àwọn baba wa kò purọ́ nígbà tí wọ́n wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ni í le koko.

Ẹ wo bí a ti ń bẹ̀rẹ̀ Lẹ́ńtì! Ẹlòmíràn ti gba eérú sórí, iná sì ti ràn nínú rẹ̀. Ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun yóò ka Rósárì tán lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, pé òun yóò gbààwẹ̀ láìmu omi, pé òun kò ní sùn ní òru Ẹtì. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó rẹ̀ ẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ó ti pa gbogbo rẹ̀ tì, àní àdúrà òwúrọ̀ tí ó ń gbà tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ti bá a lọ. Ẹ̀yin ará mi, díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Ẹ̀wá kan nínú Rósárì, tí a kà lójoojúmọ́ láìfi ọjọ́ kan ṣòfò, ó sàn ju Rósárì mẹ́ta tí a kà fún ọjọ́ mẹ́ta lọ. Ẹni tí kò gbàdúrà rí nínú ilé rẹ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú 5, òun àti aya rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀, kí wọ́n tó sùn. Ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ yóò fi tirẹ̀ kún un.

Ẹ̀kọ́ kejì ni pé iṣẹ́ tí ó le jùlọ ni iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í pàtẹ́wọ́ sí. Ní ọjọ́ eré, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn yóò dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní Èkó, wọn yóò máa hó, a ó sì fi àmì ẹ̀yẹ kọ́ àwọn tí ó parí lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ta ni ó dúró lójú ọ̀nà Ìjàgbo ní aago márùn-ún ìdájí, nígbà tí ọyẹ́ ń fa ètè ya, tí erùku gba afẹ́fẹ́ kan, tí ibùsùn sì ń pe ènìyàn padà? Àwọn ajá nìkan ni wọ́n rí asáré náà. Ṣùgbọ́n bí kò bá jáde ní ìdájí náà, ìhó Èkó kò lè ràn án lọ́wọ́. Olúwa wa ti kọ́ wa bẹ́ẹ̀ nínú òwe àwọn wúńdíá mẹ́wàá (Mátíù 25). Gbogbo wọn ni ó ní fìtílà, gbogbo wọn ni ó sùn. Ọ̀gànjọ́ dé, a wá mọ àwọn tí ó ti ra òróró sílẹ̀ nígbà tí ọjà ṣì wà ní ṣíṣí. Òróró náà kò ṣe é yá. Àdúrà ìkọ̀kọ̀, sùúrù tí ìyá mú fún ọmọ tí ń ṣàìsàn lóru, owó tí oníṣòwò dá padà nígbà tí oníbàárà kò mọ̀ pé òun san án lé: àwọn wọ̀nyí ni òróró. Kò sí ẹni tí ó rí wọn bí kò ṣe Ọlọ́run, òun ni ó sì ń kọ wọ́n sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kẹta jẹ mọ́ oúnjẹ ọ̀nà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi etí sí i dáadáa. Àwọn tí ó ti sá Marathon sọ pé ohun kan wà tí ó máa ń bá asáré ní ibi tí ó bá tó kìlómítà 30. Agbára tí iṣu àti ìrẹsì àti àmàlà ti kó pamọ́ sínú ẹran ara àti ẹ̀dọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹsẹ̀ di òjé, ojú ń ṣú, ọkàn ń wí pé, "Jókòó." Ó dà bí ẹni pé a mọ ògiri sí àárín ọ̀nà. Nítorí náà a máa ń kọ́ asáré pé kí ó jẹun dáadáa ṣáájú, kí ó sì máa mu omi àti nǹkan dídùn lójú ọ̀nà kí ó tó dé ibi ògiri náà, nítorí pé ẹni tí ó bá dúró di ìgbà tí ó ṣubú ti pẹ́ jù.

Ẹ ò rí i pé irú nǹkan yìí ti dé bá wòlíì Élíjà rí? Ó sá fún Jésébẹ́lì, ó dé aginjù, ó jókòó sábẹ́ igi kan, ó sì tọrọ ikú. Áńgẹ́lì Ọlọ́run kò bá a wí. Àkàrà àti omi ni ó gbé síwájú rẹ̀, ó ní kí ó jẹ, nítorí pé ọ̀nà tí ó kù jìn ju agbára rẹ̀ lọ. Nípa agbára oúnjẹ náà ni ó fi rìn fún ogójì ọ̀sán àti ogójì òru dé orí òkè Hórébù (Ìwé Kìíní Àwọn Ọba, orí 19). Àwọn Bàbá Ìjọ ti rí àpẹẹrẹ Yúkárístì Mímọ́ nínú àkàrà yìí. Ìdí nìyí tí Ìjọ fi ń pe Kómúnió tí a fún ẹni tí ń kú lọ ní Viaticum, èyí tí í ṣe oúnjẹ fún ìrìn àjò.

Ṣùgbọ́n kí ni a ń ṣe nínú ilé wa? Baba ń ṣàìsàn fún oṣù mẹ́ta. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, a gbé e padà. A pe mọ̀lẹ́bí láti Èkó àti láti Kàdúná. A jíròrò nípa ilẹ̀ rẹ̀ àti nípa aṣọ tí a ó fi sin ín. Ẹnikẹ́ni kò pe àlùfáà, nítorí ìbẹ̀rù pé bí Fádà bá ti wọlé, àìsàn náà ti di ti ikú nìyẹn. Ní ọjọ́ tí baba kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, tí kò lè gbé nǹkan mì mọ́, nígbà náà ni ọmọ kan yóò gun alùpùpù wá sí ilé Fádà ní òru. Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n, oróro ìkúnra àwọn aláìsàn kì í pa ènìyàn. Fún àwọn alààyè ni Olúwa fi í lélẹ̀, láti gbé wọn ró, àti láti wò wọ́n sàn bí ó bá wu Ọlọ́run. Bí a kò bá jẹ́ kí asáré dé ibi ògiri láìjẹ láìmu, èéṣe tí a fi ń jẹ́ kí àwọn òbí wa máa sá ibi tí ó le jùlọ nínú ọ̀nà wọn pẹ̀lú ebi? Mo bẹ̀ yín, ẹ tètè pè wá. Ọ̀sán ni o, òru ni o, a ó wá.

Ẹ̀kọ́ kẹrin ni ìsinmi. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé ẹni tí ń sáré lójoojúmọ́ láìsinmi ni yóò borí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ìsinmi àti oorun ni ara ti ń tún ara rẹ̀ ṣe lẹ́yìn làálàá. Nígbà tí eré bá ku ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, asáré ọlọ́gbọ́n a máa dín ìsáré rẹ̀ kù. Bẹ́ẹ̀ ni Ẹlẹ́dàá wa ti yà ọjọ́ kan sọ́tọ̀ nínú ọjọ́ méje.

Nípa èyí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú àwọn tí ń múra sílẹ̀ wá bá mi. Ó ní, "Fádà, ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni mo ráyè fún ìsáré gígùn. Bí mo bá pa Mísà jẹ fún oṣù méjì péré, ṣé Ọlọ́run kò ní bínú?" Mo bi í pé, "Bí mo bá ní kí o fi ìsáré gígùn rẹ sílẹ̀ fún oṣù méjì péré ńkọ́?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Háà, Fádà! Nígbà náà n kò lè parí eré náà mọ́." Mo ní, "Ìwọ fúnra rẹ ti dá ara rẹ lóhùn." Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a jókòó pọ̀ tí a wo bí ọ̀sẹ̀ rẹ̀ ti rí. Ó ń wá sí Mísà òwúrọ̀ báyìí, ó sì ń sáré ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí oòrùn bá rọlẹ̀. Ara kì í ṣe ọ̀tá ọkàn, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Tẹ́ńpìlì Ẹ̀mí Mímọ́ ni. Ẹ kọ́ ọ, ẹ tọ́jú rẹ̀. Kìkì pé kí ẹ má ṣe kọ́ tẹ́ńpìlì tán kí ẹ wá ti Olúwa rẹ̀ mọ́ òde.

Ẹ̀kọ́ karùn-ún ni pé eré ní òfin. Pọ́ọ̀lù Mímọ́ kọ ọ́ sí Tímótì pé a kì í fi adé dé ẹni tí kò bá díje bí òfin ti là á sílẹ̀ (Ìwé Kejì sí Tímótì 2, 5). Ẹni tí ó gba ipò kìíní ní Èkó ní ọdún 2016 ni Abraham Kiptum, ọmọ ilẹ̀ Kẹ́ńyà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018, ó sá ìdajì Marathon ní ìlú Valencia ní ilẹ̀ Spéènì ní ìṣẹ́jú 58 àti ìṣẹ́jú-àáyá 18. Ẹnikẹ́ni kò tíì yára tó bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2019, lẹ́yìn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àwọn aláṣẹ eré sísá dá a lẹ́bi pé ó lo ohun tí òfin kọ̀. Wọ́n dá a dúró fún ọdún 4, wọ́n sì pa ohun tí ó ṣe ní Valencia rẹ́ kúrò nínú ìwé. N kò sọ èyí láti fi arákùnrin wa náà ṣe ẹlẹ́yà, nítorí pé Ọlọ́run nìkan ni ó mọ inú. Mo sọ ọ́ nítorí àwọn ọmọ wa tí ń rí ọkọ̀ tuntun lójijì lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wọn, tí wọ́n sì ń rò pé jìbìtì orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀nà àbùjá. Ọ̀nà àbùjá kò sí nínú eré yìí. Ohun tí a bá fi èrú gbà, ọjọ́ àyẹ̀wò ń bọ̀ tí a ó gbà á padà, ojú yóò sì ti ẹni tí ó gbà á ju bí ì bá ti tì í lọ ká ní ẹ̀yìn ni ó wà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kẹfà ni ti ẹni tí ó ṣubú. Ní Òlíḿpíkì ìlú Mexico ní ọdún 1968, ọmọ ilẹ̀ Tanzania kan tí ń jẹ́ John Stephen Akhwari wà lára àwọn tí ó sá Marathon. Lójú ọ̀nà ó ṣubú, orúnkún rẹ̀ sì fara gbọgbẹ́ gidigidi. A fi aṣọ dì í, ó dìde. Àwọn mìíràn tí kò ṣubú rárá fi eré sílẹ̀ ní ọjọ́ náà. Mamo Wolde ti ilẹ̀ Ethiopia ti gba góòlù, ó sì ju wákàtí kan lọ lẹ́yìn náà, ilẹ̀ ti ṣú, ọ̀pọ̀ òǹwòran ti lọ, kí Akhwari tó tiro wọ inú pápá ìṣeré. Ẹni 57 ni ó parí eré náà. Òun ni ẹni 57. Nígbà tí a bi í léèrè ìdí tí kò fi dúró, ó dáhùn pé kì í ṣe kí òun lè bẹ̀rẹ̀ eré ni orílẹ̀-èdè òun ṣe rán òun wá láti ọ̀nà jíjìn, bí kò ṣe kí òun lè parí rẹ̀.

Ìwọ tí o ti ṣubú, tí o ti tó ọdún mélòó kan tí o kò ti dé ibi ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, ìwọ ni mo ń bá wí. Mo mọ̀ pé o ń jókòó ní ẹ̀yìn ilé ìjọsìn, o sì ń bojú wolẹ̀ nígbà tí àwọn ẹlòmíràn bá dìde lọ gba Kómúnió. O rò pé eré ti kọjá rẹ. Kò kọjá rẹ. Ọlọ́run kò ní bi ọ́ léèrè bóyá o ṣubú. Gbogbo wa ni ó ń ṣubú. Yóò bi ọ́ bóyá o dìde. Ilẹ̀kùn ìjẹ́wọ́ ń ṣí ní gbogbo Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Wá kí a fi aṣọ di orúnkún rẹ, kí o sì máa bá ọ̀nà lọ. Bí o bá tilẹ̀ ń tiro, máa bọ̀.

Ó lè jẹ́ pé àwọn ìyá àti baba wa àgbà ń wí nínú ọkàn wọn pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan àwọn, nítorí pé ẹsẹ̀ wọn kò lè sáré mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Abebe Bikila fún yín. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1960, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gérégé kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, ọmọ ilẹ̀ Ethiopia yìí sá Marathon Òlíḿpíkì ní Róòmù láìwọ bàtà, ó sì gba ipò kìíní. Ní ọdún 1964 ó tún gbà á ní Tokyo. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1969 ọkọ̀ rẹ̀ dojú dé, láti ọjọ́ náà kò sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn mọ́ títí ó fi kú ní ọdún 1973, ní ẹni ọdún 41. Ẹsẹ̀ tí gbogbo ayé yìn ni ó kọ́kọ́ kú. Ẹ rí i bí adé ayé ti ń ṣá! Síbẹ̀ kò jókòó máa sunkún. Lórí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara ni ó ti kọ́ ọfà títa, ó sì lọ fi díje ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Nítorí náà, eré tí Pọ́ọ̀lù ń sọ kì í ṣe ti ẹsẹ̀. Ìyá arúgbó tí ó dùbúlẹ̀ lórí ẹní, tí ó ń fi ìrora rẹ̀ rúbọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ti fi ìgbàgbọ́ sílẹ̀, tí ó ń fi ìka gbígbọ̀n ka ìlẹ̀kẹ̀ Rósárì, mo sọ fún yín pé ó ń sáré ju gbogbo wa lọ. Òun ni ó sún mọ́ òpin ọ̀nà jùlọ, a kò sì gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ láti máa sá ìyókù ní òun nìkan. Ẹ bẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun kan ni ó yà eré wa sọ́tọ̀ pátápátá kúrò lára eré ti ayé. Asáré ayé gbẹ́kẹ̀ lé ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìgbìmọ̀ Mímọ́ ti Trent, ní ọdún 1547, kọ́ wa pé ìforítì dé òpin jẹ́ ẹ̀bùn ńlá láti ọwọ́ Ọlọ́run. A kò lè fi agbára ra á, ṣùgbọ́n a lè máa tọrọ rẹ̀. A sì ń tọrọ rẹ̀ nígbà gbogbo tí a bá bẹ Màríà Wúńdíá pé kí ó gbàdúrà fún wa nísinsìnyí àti ní wákàtí ikú wa. Wákàtí méjì yìí nìkan ni ó ṣe pàtàkì, ọjọ́ kan sì ń bọ̀ tí méjèèjì yóò di ọ̀kan.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ilé kọ̀ọ̀kan mú ohun kékeré mẹ́ta. Ẹ yan àdúrà kan tí kò ju agbára yín lọ, kí ẹ sì gbà á lójoojúmọ́. Ẹ yan ọjọ́ tí ẹ ó wá jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Bí aláìsàn bá wà nínú ilé yín, ẹ fi tó wa létí kí Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ tó dé. Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Ayé ni ọjà, ọ̀run ni ilé, Ẹni tí ó sì ti ṣáájú wa sá eré náà, tí ó ru àgbélébùú, tí ó ṣubú lábẹ́ rẹ̀ tí ó sì dìde, ó dúró ní òpin ọ̀nà, ó ń retí wa.

Kí Ọlọ́run Olódùmarè fún àwọn ọmọ wa tí ń lọ sí Èkó ní ẹsẹ̀ ire, kí ó mú wọn lọ kí ó mú wọn bọ̀. Kí ó sì fún gbogbo wa ní oore-ọ̀fẹ́ láti parí ohun tí a bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí a rì wá bọmi, nípa Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.

Fádà yín nínú Krístì.